Ọmọ Ìyá Aláṣọ Bá Kàkó Jà

Ẹ jókòó ná, ẹ má tíì wọlé. Ṣé ẹ ò gbọ́ ariwo tó sọ nínú ọgbà wa lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni? Kì í ṣe towó iná, kì í sì í ṣe tomi tí ẹnìkan máa ń bù nínú dúrọ́ọ̀mù mi (ẹni tó ń bù ú mọ ara rẹ̀). Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ìwé Fágúnwà!

Ọmọ Ìyá Aláṣọ, èyí tó wà ní SS2 yẹn, ni olùkọ́ ní kó ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, kó kọ ohun tó rò nípa rẹ̀ wá. Owó ìwé ò sí nílẹ̀, ló bá lọ yá ti Bàbá Onílé. Ìwé tí wọ́n fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì dì lẹ́yìn, tí ọmọ tiwọn gan-an ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn! Èmi tí mo ní kí wọ́n yá mi ní àkàbà lásán ńkọ́? Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀. Gbogbo ìgbà ni Bàbá ń sọ pé láti ọdún 1938 tí ìwé yẹn ti jáde, kò tíì sí irú rẹ̀, àti pé àwọn mọ̀ ọ́n láti páálí dé páálí.

Ìdí àtẹ̀gùn lọmọ náà ti ń kà á, bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà àkàrà, á máa ka díẹ̀ sókè fún mi. Ó dé ibi tí bàbá Àkàrà-oògùn, ọdẹ tí ìwé náà dá lé lórí, ti yìnbọn fún ẹran igbó, tó wá délé tó rí i pé ìyàwó òun lòun pa. Ó pa ìwé dé. Ó ní, "Ìyá Alákàrà, èyí lẹ̀ ń pè ní ìwé ọmọdé?" Ẹ̀rín pa mí. Àgbákò, abàmì ẹ̀dá olójú mẹ́rìndínlógún tó bá Àkàrà-oògùn jà, ní tiẹ̀, ó ní ìyẹn dùn mọ́ òun.

Àfìgbà tó kan ilé Irágbèje, ọlọ́gbọ́n Òkè Láńgbòdó tí ọba rán àwọn ọdẹ lọ. Kí èèyàn forí la ikú dé Òkè Láńgbòdó, kó wá fi ọjọ́ méje jókòó gbọ́ ìwàásù! Ó lóun sùn lọ. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ létí olùkọ́, ó lóun ti kọ ọ́ sílẹ̀. Irọ́ ló pa? Tíṣà kúkú ni Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó. Àbúrò ọkọ mi náà tíṣà ni. Ẹ kí i "ẹ káàárọ̀" lásán, ẹ ti wọ kíláàsì nìyẹn.

Ibi tó bà jẹ́ sí ni ti Kàkó, ọdẹ ẹgbẹ́ Àkàrà-oògùn, Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn. Àkàrà-oògùn wá pè é fún ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó yẹn, obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ní kò ní í lọ. Kàkó fa àdá yọ, ó ṣá a pa, ó bá tirẹ̀ lọ. Akọni sì ni wọ́n ṣì ń pè é! Inú bí ọmọ yìí, ó mú báírò, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí etí ìwé pé: "Kí ló ṣe ẹ́, òpònú?"

Nínú ìwé Bàbá Onílé!

Ṣé ẹ rí i, ohun tó dáriwo sílẹ̀ nìyẹn. Bàbá ní wọ́n ba ìwé òun jẹ́, wọ́n tún bú akọni. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lobìnrin yẹn ṣe é?" Bàbá lanu, wọ́n tún pa á dé. Lójú tèmi, wọn ò rántí pé obìnrin kankan kú níbẹ̀. Ẹ ò kíyè sí i ni? Ìjà Àgbákò nìkan ni wọ́n máa ń sọ fún wa.

Wọ́n gba ìwé wọn, wọ́n wọlé, iná yàrá wọn ò kú bọ̀rọ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti kọ tiwọn sábẹ́ tọmọ náà: "Iṣẹ́ ọba ló ń lọ jẹ́."

Ìyá Onílé rí i. Àwọn náà ti mú báírò. Ohun tí wọ́n kọ, ẹnu mi kọ́ lẹ ó ti gbọ́ ọ. Ìwé náà wà lórí fírísà tí wọ́n fi ń ta omi tútù. Ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ ra omi.