Àkísà Ọmọdé

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Wọn ò tíì rí ìpolówó iṣẹ́ òde òní ni. "Ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ ju 26 lọ, ìrírí iṣẹ́, ọdún 5, ó kéré tán." Ẹni tó kọ ọ́ ò fi ṣàwàdà o. Ó fọwọ́ sí i, ó tún lu òǹtẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ kan wọ yunifásítì ìjọba lọ́dún 2019 lẹ́ni ọdún 18, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún 4 ló bá wọlé. Oṣù kẹta ọdún 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gùn lé ìyanṣẹ́lódì, Kòrónà náà sì dé. Kérésì ti ń kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó so ó rọ̀. Oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n tún dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó di oṣù 8 gbáko. Ìgbà tọ́mọ fi máa gbàwé-ẹ̀rí, ó ti di 24. Ó sìnrú ìlú, ó di 25. Ọdún kan péré ló kù kí iléeṣẹ́ tó pè é ní arúgbó. Bó bá máa ní ìrírí wọn nígbà tó bá pé 26, ọdún 2022 ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyẹn ìgbà tó ń na ẹsẹ̀ nílé, tí màmá rẹ̀ ń bi í pé ṣé ASUU ò tíì fẹ́ wọlé ni.

Kì í ṣe pé ìjọba ò ronú kàn án. Ọdún 1973 tí wọ́n dá ìsìnrúùlú sílẹ̀ náà ni wọ́n gbé SIWES dé, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní I.T., kí wọ́n lè lọ mọ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó dáa. Ẹ bá ọmọ I.T. kan dé iléeṣẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kò sáyè. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá mọ ọ̀gá kan níbẹ̀, àyè á yọ. Kó tó lo oṣù kan, á ti mọ olóúnjẹ tí ọbẹ̀ rẹ̀ dáa jù ládùúgbò, á mọ ọ̀gá tí kì í jẹ pọ̀nmọ́, á sì mọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti ń gbá ẹ̀rọ ìdàwékọ kó tó dìde. Ẹ̀rọ tó tìtorí ẹ̀ wá ńkọ́? "Má fọwọ́ kàn án o!" Iléeṣẹ́ yìí kan náà ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn lẹ́yìn náà pé aláìnírìírí kó má wulẹ̀ yọjú.

Agùnbánirọ̀ tó fọdún kan kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò lábúlé, wọ́n ní ìyẹn ò sí lára ìrírí.

Ni àwọn agbaninímọ̀ràn bá dé, pẹ̀lú kóòtù àti táì, nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. "Ẹ pákéèjì ara yín!" Owó ìwọlé ò sì kéré. Mo wádìí iṣẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn ti ṣe rí: ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe ń ríṣẹ́ ni.

Àwọn ọmọ gbọ́, wọ́n forí lé ìsọ̀ oníkọ̀ǹpútà lọ tẹ CV, níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ tó ti gbó tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé àǹkárá àǹtí rẹ̀ sórí WhatsApp di Olùdarí Ìpolówó. Ọmọkùnrin tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì di Alámòójútó Iná Mànàmáná. N ò lè bá wọn wí tán. Ẹni tí wọ́n ní kó mú ohun tí kò sí wá, ìdí ayédèrú ló máa yà sí.

Ọmọkùnrin tó ń bá wọn tẹ CV náà kàwé gboyè nínú físíìsì. Ó ti ju ọdún 5 lọ nídìí iṣẹ́ yẹn. Mo ní kí ló dé tí òun náà ò fi ti ẹ̀ ránṣẹ́. Kò gbójú sókè, ó ń tẹ̀wé lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, 26 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ti pé 31."