Ta Ló Mú Kuníìnì Wọ Ilé Àdúrà?

Ẹ fa àga yẹn súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣòfófó. Ohun tí mo bá fetí ara mi gbọ́ nìkan ni mo máa ń sọ, àti èyí tí mo bá yọjú rí lójú fèrèsé. Bàbá Jóṣúà yàrá iwájú àti ìyàwó ọmọ wọn tún ti bẹ̀rẹ̀. Ibà ló dá Bàbá dùbúlẹ̀. Ìyàwó ọmọ náà, nọ́ọ̀sì ni, ra oògùn wálé, Bàbá ní àwọn ò mu. Ọmọ ìjọ C.A.C., Christ Apostolic Church, ayé àtijọ́ ni wọ́n, pọ́ńbélé. Omi àdúrà tán, kò tún sí nǹkan mìíràn.

Gbogbo agboolé wá ń rẹ́rìn-ín pé Bàbá ò lo làákàyè. Ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀ o. Làákàyè gan-an ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí n pìtàn rẹ̀ kí ata tí mò ń lọ̀ yìí tó kúnná.

Ní 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ àìsàn kan wọ Èkó. Ibà, ikọ́, ẹ̀fọ́rí, ikú. Kò pẹ́ tó fi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Dókítà òyìnbó ò rí i ṣe, oníṣègùn ilé ò rí i ṣe. Ni àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, tí Joseph Ṣadaré ṣáájú wọn, bá kóra jọ, wọ́n ń gbàdúrà. Olùkọ́ obìnrin kan wà, Sophia Ọdúnlámì. Ó ní Ẹ̀mí sọ fún òun pé omi òjò ni kí àwọn aláìsàn máa lò. Wọ́n lò ó, wọ́n ní ara àwọn yá.

Ó yá, ẹ bá mi rò ó. Bí oògùn bá jáni kulẹ̀ tí àdúrà kò jáni kulẹ̀, kí lèèyàn tún ń wá lọ sídìí oògùn? Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní kò sí. Wọ́n tún bojú wo ìrìbọmi: ọmọ ọwọ́ tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ti ronú pìwà dà lé lórí? Ìjọ ò gbà fún wọn. Nígbà tó di 1922, wọ́n kó ẹsẹ̀ wọn kúrò ní Áńgílíkà.

Ọ̀rọ̀ kíkúrò ní Áńgílíkà yìí, ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan. Ní Èkó níbẹ̀ náà, wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ rí ní 1901. Wọ́n gbé pásítọ̀ James Johnson kúrò ní ìjọ Áńgílíkà St. Paul's, Breadfruit, inú bí àwọn ọmọ ìjọ, wọ́n jáde, wọ́n dá African Church sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé Johnson tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà ò tẹ̀ lé wọn? Ó jókòó pa sí Áńgílíkà rẹ̀! Ìjọ tuntun yẹn sì gba oníyàwó púpọ̀ láàyè, ohun tí Johnson kórìíra dé góńgó. Ẹ gbèjà èèyàn o, ẹ má retí pé á bá yín délé.

Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀ẹ́n. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde wá rí ìjọ kan ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, Faith Tabernacle, tí òun náà kì í lo oògùn. Lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tó di 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ ìjọ wọn tó ti ń wa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń tẹ títì rí, dá ìsọjí sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà. Èrò wọ́ tìrítìrí. Ìjọba òyìnbó fura, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn aṣáájú ìjọ náà ò gọ̀: wọ́n ránṣẹ́ pe Apostolic Church láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí òyìnbó lè bá òyìnbó sọ̀rọ̀. Ni George Perfect àti Idris Vaughan bá dé, àwọn náà ń wàásù pé àdúrà ń woni sàn.

Àfi bí wọ́n ṣe rí i pé àwọn òyìnbó oníwàásù yìí ń lo kuníìnì, oògùn ibà!

Háà. Ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ wọ́n, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n jọ ń ké pè. Kí ló wá dé tí ibà Àkànní á fi jẹ́ ti àdúrà, tí ti òyìnbó á jẹ́ ti inú ìgò? Ọ̀rọ̀ náà ò tán bọ̀rọ̀, wọ́n sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Babalọlá àti àwọn aṣáájú bíi Odùbánjọ àti Akínyẹlé tó padà jẹ Olúbàdàn ní 1955 lọ sí ọ̀tọ̀. Wọ́n gba orúkọ C.A.C. ní 1941, wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Ẹ wá sọ fún mi, ta ni kò lo làákàyè níbẹ̀? Òyìnbó ló mú ẹ̀kọ́ náà dé ìdajì ọ̀nà. Tiwa ló fà á dé òpópónà.

Làákàyè yẹn náà ni Bàbá Jóṣúà jogún, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi lè bá wọn jiyàn. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ṣebí Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì máa mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú tó ń dà á láàmú?” Bàbá ní, “Kẹ́mísìtì wo ló ń ta wáìnì?” Ó ní, “Jígí ojú yín ńkọ́, sà?” Bàbá ní, “Ṣé ó wo ojú mi sàn ni? Mo fi ń ríran ni.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ọmọ náà gbọ́n ṣá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ìgò omi àdúrà, ó to hóró oògùn mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, bí Ẹ̀mí bá lè wọ inú omi òjò, kí ló máa dí i lọ́wọ́ àtiwọ inú hóró yìí? Ẹ kúkú gbàdúrà sí i.”

Bàbá dákẹ́. Mo fi ọmọ ọlọ sílẹ̀. Àdúrà tí wọ́n gbà sí oògùn yẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Ìyá Ramọ́tà gbé sórí iná jóná kí wọ́n tó ṣe àmín. Bàbá gbé oògùn náà mì. Wọ́n ní omi àdúrà ni àwọn mu o, ohun tó bá bá omi wọlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn.

Ẹ má fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wọn ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n ń lọ sí ọsibítù, wọ́n ń gbabẹ́rẹ́. Èmi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan dìde láàárín ìsìn pé ìgbàgbọ́ àwọn ti yí padà. Yàrá ni wọ́n ti ń yí i, pẹ̀lú ìyàwó ọmọ.

Àbí ẹ ò rí àwọn ìyá aládùúrà mẹ́ta tó tò síwájú yàrá nọ́ọ̀sì lánàá? Wọ́n na apá sílẹ̀, ó ń fi ẹ̀rọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá, ṣé èyí náà kì í ṣe ìṣègùn?” Ọ̀kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Wíwọ̀n ni, kì í ṣe mímu.”

Ẹ gbọ́ ìyẹn! Ká ní Perfect mọ̀ ọ́n sọ báyẹn ni, bóyá ìjọ ì bá má pín.