Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìràwọ̀ Ọkọ̀ tí Kò Fẹ́ Sọ Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Sí Ìràwọ̀ Ọkọ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Sirius,

Ẹ kú alẹ́ o. Owódé Onírin ní Èkó la ti ń kí yín, níbi tí a ti ń ta irin ọkọ̀ lọ́sàn-án, tí a sì ń rí yín kedere lálẹ́ bí eruku ọyẹ́ bá ti rọlẹ̀. Àwọn atukọ̀ àtijọ́ fi yín mọ̀nà lórí omi, a ò jiyàn. Nínú gbogbo ìràwọ̀ òru, kò sí èyí tó mọ́lẹ̀ tó yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi ìkejì yín pa mọ́? Ìbejì ni yín. Bessel ará Jámánì ti fura láti 1844, nígbà tó rí i pé ẹ ń fì sọ́tùn-ún, ẹ ń fì sósì bí ẹ ṣe ń lọ, ó ní ẹnì kan ń fà yín. Ní 1862 ni Alvan Graham Clark ti Amẹ́ríkà wá fi awò awọ̀nàjíjìn rí ẹni náà: funfun báláú, kò tó ayé wa yìí ní títóbi, síbẹ̀ ó wúwo tó odindi Oòrùn. Àádọ́ta ọdún lẹ fi ń yí ara yín po lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. (Griaule àti Dieterlen, àwọn onímọ̀ àṣà ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 1950 pé àwọn Dogon ilẹ̀ Mali mọ̀ nípa rẹ̀, van Beek, onímọ̀ bíi tiwọn, ní 1991 ní òun ò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ẹ tún fìyẹn dá ìjà sílẹ̀.)

Ẹ̀sùn kejì burú jùyẹn lọ, torí ọ̀rọ̀ irin ni, ọ̀dọ̀ àwọn onírin sì ni lẹ́tà yìí ti wá. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ yẹ ìmọ́lẹ̀ yín wò, wọ́n rí i pé irin ojú yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti Oòrùn. A ní, ẹ̀hẹn, ọlọ́lá! Àṣé ojú lásán ni. Ẹ kì í sáré yípo, ara yín pa rọ́rọ́, ìmọ́lẹ̀ inú yín wá ń ti irin jáde sójú, helium ń rì lọ sísàlẹ̀. Ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà kó tó dé ìsọ̀ la mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ ohun tó wà nínú ìràwọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀?

Ẹni tí ẹ fi pa mọ́ yẹn ló tú yín láṣìírí. Inú ìkùukùu kan náà ni wọ́n ti bí ẹ̀yin méjèèjì, lásìkò kan náà. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ orí ọ̀kan ti mọ ti èkejì. Ìkejì yín yẹn ló sì tóbi jù nígbà èwe yín, ó wúwo ju Oòrùn márùn-ún lọ. Ìràwọ̀ tó bá sanra tó bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ jó epo inú rẹ̀ tán: nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún, iná kú. Látìgbà náà ló ti ń tutù. Wọ́n fi yíyí tí ẹ ń yí ara yín po mọ ìwúwo rẹ̀, wọ́n wo bó ṣe gbóná tó lónìí, wọ́n ní ó ti ń tutù bọ̀ láti bí 126 mílíọ̀nù ọdún. Howard Bond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìṣirò náà jáde ní 2017, lẹ́yìn tí awò awọ̀nàjíjìn Hubble ti ṣọ́ yín fún bí ogún ọdún. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 230 mílíọ̀nù ọdún.

Mílíọ̀nù kẹ̀! Oòrùn tiwa ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Irin tó wà lórí àtẹ wa ní Owódé gan-an ti wà kí wọ́n tó bí ọ. Gbogbo "ẹ" tí mo ti ń kó jọ láti òkè, mo gbà á padà. Ìwọ ọmọdé yìí, o jókòó, ò ń gba ìkíni àgbà!

Má sì rò pé ìwọ nìkan là ń ṣọ́. Awò Gaia tí wọ́n rán lọ sójú òfuurufú ní 2013 ti jẹ́ ká mọ ìràwọ̀ méjì-méjì tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé bá ṣòwò, irin ọ̀kan bá ti èkejì mu. Ti ìràwọ̀ méjì kan, Kronos àti Krios, ni kò dọ́gba. Ó jọ pé Kronos ti gbé àwọn ayé tó ń yí i po mì, tí àpapọ̀ wọn wúwo tó ayé wa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́tà tirẹ̀ ń bọ̀.

Fèsì o. Ìmọ́lẹ̀ ń lo ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ kó tó ti ọ̀dọ̀ rẹ débí, nítorí náà a fún ọ ní ọdún mẹ́tàdínlógún ó lé díẹ̀, àlọ àtàbọ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, má sọ fún wa pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 ló dá ọ dúró.