Golf Tí Mo Rẹ̀ Sílẹ̀

Ọjọ́ orí nìkan ló ń ṣe ọkọ̀ náà. Golf 3 GTI ni, tí wọ́n ṣe ní 1995, ẹ́ńjìnnì lítà 2.0, agbára ẹṣin 115. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ á ti máa rẹ́rìn-ín, torí VR6 onísílíńdà mẹ́fà ni Golf 3 tó ń sáré gidi. Sílíńdà mẹ́rin ni tèmi. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ká mi lára pé ọkọ̀ tí wọ́n kọ GTI sí nídìí ń dúró ga ju Micra tó ń kérò ní Mókọ́lá, n'Ìbàdàn, lọ.

Mekáníìkì tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ìjàpá ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí wọ́n ń to Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Ọdún 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọdún yẹn kan náà sì ni Volkswagen gbé GTI àkọ́kọ́ lọ síbi àfihàn ọkọ̀ ní Frankfurt. Mo máa ń rán bàbá létí èyí bí ẹni pé ó kàn wọ́n. Wọn a ní, “Èyí tó dé Ọ̀jọ́ ni mo mọ̀.”

Ìṣòro tí mo gbé lọ bá wọn kò le. Bí mo bá kó sí gálọ́ọ̀pù, nǹkan á máa dún kó-kó-kó lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá tẹ bíréèkì, imú ọkọ̀ á fẹ́ yà sí òsì. Ní ìyànà, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan débi pé ìyàwó mi á di ilẹ̀kùn mú. Bàbá wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ti irin gbọọrọ kan bọ ẹ̀gbẹ́ lower arm (apá irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀), wọ́n mì ín, wọ́n sì jáde wá dájọ́.

“Búṣìn ti kú. Mọ́ńtìn orí ṣọ́ọ̀kì ti kú. Ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ń ta epo. Pààrọ̀ àwọn rọ́bà yìí ná, wàá rò pé o ra ọkọ̀ mìíràn ni.”

Rọ́bà kẹ̀? Èmi tí mo ti ń fi òru wo fídíò àwọn ará Jámánì, tí àyà Golf wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fa ilẹ̀! Mo fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ohun tí bàbá sọ, n kò sì ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Níbi tí lower arm ti so mọ́ ara ọkọ̀, rọ́bà ló wà láàárín irin àti irin. Òun ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè lọ sókè sódò láìjẹ́ kí táyà yí ojú kúrò níbi tí sítíárìn dárí rẹ̀ sí. Rọ́bà tó bá ti lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún á gan, á sán, á ya; nígbà náà, bí o bá tẹ bíréèkì, táyà á yan ọ̀nà tó wù ú. Méjì ló wà lára lower arm kọ̀ọ̀kan níwájú Golf 3, méjì ńláńlá sì tún wà lẹ́yìn, níbi tí àásìlì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọkọ̀. Owó gbogbo wọn kò tó ìdajì ohun tí mo padà ná. Ṣùgbọ́n ta ló ń ya fọ́tò búṣìn?

Mo gba Ararọ̀mí lọ, ní Gate, níbi tí kò sí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí èèyàn ò lè rí bó bá ní sùúrù. Mo rí sípíríǹgì tòkunbọ̀ mẹ́rin, kúkúrú, tí wọ́n kùn ní pupa. Ọmọkùnrin tó ń tà á kò tàn mí.

“Ọ̀gá mi, ṣọ́ọ̀kì kúkúrú ló ń bá eléyìí lọ o.”

Mo ní mo mọ̀. N ò mọ̀.

Bàbá kò fẹ́ fi wọ́n sí i. Mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà. Bí wọ́n ṣe ń tú ti àtijọ́ sílẹ̀, oníkóńdẹ́ẹ̀mù kan ń ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, mo sì tà wọ́n fún un lójú ẹsẹ̀, kí n má bàa yí ọkàn padà. Nígbà tí ọkọ̀ kanlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. Mo yà á ní fọ́tò láti gbogbo igun. Lẹ́yìn náà ni mo wà á.

Sípíríǹgì ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé nǹkan púpọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá sípíríǹgì lẹ́kun, kó má bàa máa jó lọ. Sípíríǹgì kúkúrú gbọ́dọ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí àyè tó kù fún un láti tẹ̀ ti dín kù, bó bá sì ti le, ṣọ́ọ̀kì alágbára ló lè kápá rẹ̀. Tèmi ń ta epo. Èyí tó tún burú ni pé ọ̀pá inú ṣọ́ọ̀kì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù bàbá. Orí rọ́bà ìdádúró, èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ nítorí kòtò ńlá nìkan, ni ọkọ̀ jókòó lé. Láti ìgbà náà, egungun ẹ̀yìn mi ló ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì.

Ti ìyànà ló dùn mí jù. Irú ẹsẹ̀ tí Earle MacPherson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní àwọn ọdún 1940 ló wà níwájú Golf: ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì dúró pọ̀ ní òpó kan, lower arm kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀. Ó rọrùn, kò gbówó lórí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù. Bí ara ọkọ̀ bá wálẹ̀ púpọ̀, lower arm tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ á dagun sókè láti ibi tó ti so mọ́ ọkọ̀. Ojú ibi tí ọkọ̀ ti ń fì á wá sọ̀ kalẹ̀ ju bí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ, ìwúwo òkè á sì túbọ̀ rí àyè fà á wó. Èrè tí sípíríǹgì líle mú wá, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà lọ. Mo sanwó kí ọkọ̀ má bàa fì mọ́, ó sì ń fì. (Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fi iná gáàsì jó sípíríǹgì kó lè rọ̀ wálẹ̀. Iná á pa agbára irin náà. Ó níbi tí ìwà òmùgọ̀ tèmi mọ.)

Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́ǹpù àdúgbò wa. Àwọn onílé ló dáwó mọ ọ́n láti fi bá àwọn ọlọ́kadà wí, wọ́n sì mọ ọ́n ga. Golf mi gun orí rẹ̀, ó fi ikùn lé e, ó jókòó. Mo tẹná, ó dún, kò lọ. Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ ló tì mí sọ̀ kalẹ̀. Alága àwọn onílé jáde síta, wọ́n wò wá títí, wọ́n ní ó jọ pé bọ́ǹpù náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó gbọ́n á padà sí ọ̀rọ̀ rọ́bà. Èmi ní ṣọ́ọ̀kì ló kù. Bilstein ni mo fẹ́, ti Jámánì, aláwọ̀ yẹ́lò, tí àwọ̀ rẹ̀ á máa yọ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó ń tà á bèèrè bóyá B6 ni tàbí B8. Mo bèèrè èwo ló wà nílẹ̀. Ó ní B6. Mo ní B6 náà ni mo wá rà. Bẹ́ẹ̀, B6 wà fún ọkọ̀ tó bá ṣì dúró ní gíga tí ilé iṣẹ́ fi ṣe é. B8, tí ara rẹ̀ kúrú, ni ti ọkọ̀ tí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì gígùn bá sípíríǹgì kúkúrú gbé.

Fọganáísà ló kọ́kọ́ rí i. Táyà iwájú mi ti jẹ nínú títí wáyà fi yọ, torí mo rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ láìṣe aláímẹ́ǹtì. Ó fi jáàkì gbé e sókè. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé ṣọ́ọ̀kì gígùn yẹn, sípíríǹgì kò lè tẹ̀lé e mọ́. Ó tú kúrò lójú àyè rẹ̀, ó ń mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́. Ọmọkùnrin náà fi ìka kan yí i po, ó wo ojú mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé eléyìí náà lẹ fẹ́ gbé lọ sí Èkó?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́ Sátidé.

Ìgbéyàwó kan ní ìdílé ìyàwó mi ni. Kí ọkọ̀ lè bá ayẹyẹ mu, mo ti yọ ríìmù 15 kúrò, mo fi 17 sí i. Táyà tó bá GTI mi wá, 195/50 R15, ní ògiri rọ́bà tó ga tó nǹkan bíi mílímítà 97; ti 205/40 R17 tí mo rà kò ju 82 lọ. Ọ̀nà wa nílò gbogbo rọ́bà tó bá lè rí, èmi sì lọ ń sanwó kó dín kù.

Ìyá ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn, kúlà ọbẹ̀ ata wà lẹ́sẹ̀ wọn, ti mọ́ínmọ́ín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òpópónà Ìbàdàn sí Èkó kò ṣe wá ní nǹkankan. Afárá Third Mainland ló kù, èyí tí wọ́n parí ní 1990, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8, tí oríkèé irin sì wà níbi tí kọnkéré kan ti pàdé èkejì. Gbàù. Gbàù. Gbàù. Ìyá kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe “Jésù,” ẹyọ kan sí oríkèé kan, láìfò ọ̀kankan.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra,” ìyàwó mi wí.

Eré 60 ni mo ń sá. Ká tó sọ̀ kalẹ̀ ní Adéníji Adélé, ọmọrí kúlà ti ṣí, ríìmù kan sì ti tẹ̀. Ìyá bọ́ sílẹ̀ níbi ayẹyẹ tàwọn ti ata létí ìró. Wọn kò bínú, èyí ló burú jù.

“Ọkọ ọmọ mi, ẹ ṣeun o. Ẹ má ṣèyọnu, ọkọ̀ èrò ni mo máa wọ̀ padà.”

Mo padà lọ bá bàbá, mo ní kí wọ́n wá pààrọ̀ rọ́bà wọ̀nyẹn. Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí búṣìn dé, bàbá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn ló ń ṣe é. Ó ti fi gbogbo rẹ̀ sójú àyè, ó ń wá bó ṣe máa sọ ọkọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ní ká jẹ́ kó kanlẹ̀ ká tó di bóòtù rẹ̀ pa.”

Mo ní kó dì í bó ṣe wà, ìpàdé ń dúró dè mí.

Irin inú búṣìn lẹ̀ mọ́ rọ́bà, rọ́bà lẹ̀ mọ́ irin ìta. Kì í yí po, ńṣe ni rọ́bà ń lọ́. Bí o bá di bóòtù rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ lórí jáàkì, ibẹ̀ ni rọ́bà náà gbà pé ibùjókòó òun wà. O wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, rọ́bà á fún bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún, kò sì ní rí ìsinmi mọ́, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ kàn dúró sílé. Lára ọkọ̀ tí mo ti rẹ̀ sílẹ̀, fífún náà tún wá pọ̀ sí i. Búṣìn tuntun náà ya kí òjò ọdún yẹn tó dá. Bàbá gbọ́ kó-kó-kó yẹn láti ojú títì kí n tó yà wọlé. Wọn kò bèèrè nǹkankan lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Èmi ni wọ́n ń wò.

Bí ọkọ̀ ṣe wà báyìí nìyí: sípíríǹgì tó ga bí Volkswagen ṣe fẹ́ ẹ, tí mo tún lọ rà ní Ararọ̀mí (n kò lè búra pé kì í ṣe àwọn tí mo tà fún oníkóńdẹ́ẹ̀mù gan-an), B6 yẹ́lò tó wá rí ẹnì kejì tó bá a mu, búṣìn tí wọ́n dì nígbà tí ọkọ̀ kanlẹ̀, mọ́ńtìn tuntun, ríìmù 15, aláímẹ́ǹtì. Ó ń wọ ìyànà láìfì, bíréèkì kò sì yà á sí òsì mọ́. Kò sẹ́ni tó ń yà á ní fọ́tò.

Ṣùgbọ́n mo ti rí fídíò kan nípa ọ̀pá tó ń dènà fífì, èyí tí wọ́n ń fi sẹ́yìn Golf. Bí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá nípọn sí i, líle rẹ̀ á fi èyí tó sún mọ́ ìdajì lé sí i. Mo ṣàlàyé ìṣirò yìí fún bàbá, mo gbé fóònù sí wọn lójú. Wọ́n wò ó parí, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n sì pe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn.

“Bí èyí bá tún wá nígbà tí n ò sí ńlé, sọ fún un pé a ti kó kúrò níbí.”