Àjọ Wa Àti Dọ́là Ìyá Aláṣọ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ má sì sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ṣé ẹ mọ àbíkẹ́yìn Bàbá Oníkòkó, èyí tó kàwé n'Íbàdàn? Owó ló ń tà báyìí. Mi ò ní ó ń fi owó tajà o. Owó gan-an ló ń tà, nínú fóònù: ó ń fi yúrò ra dọ́là, ó ń fi dọ́là ra yẹ́ẹ̀nì àwọn ará Japan, bẹ́ẹ̀ ni kò fojú kan yẹ́ẹ̀nì rí. Abẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa níhìn-ín, ní Ararọ̀mí-Òwu, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń dúró.

Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ inú oṣù ni kí ẹ wá wò ó. Ọjọ́ yẹn ni Amẹ́ríkà sábà máa ń kéde iye iṣẹ́ tuntun tó wọlé lóṣù tó kọjá. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán tiwa ni nígbà oòrùn wọn, aago méjì ààbọ̀ ni nígbà òtútù wọn. Ìmáàmù ò tíì sálámà tán tí ọmọ yìí á ti fò síta, bàtà onílé bàtà lẹ́sẹ̀. Mo bi í pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń kà. Ó ní gbogbo iṣẹ́ pátá, àfi iṣẹ́ oko. Bàbá rẹ̀ tó ń rún orín nítòsí ṣí fìlà, ó tún un dé. Kò fọhùn.

Lóṣù kan, iye náà pọ̀ jaburata. Dọ́là sì já wálẹ̀! Ọmọ káwọ́ lérí, ó ní irú ìròyìn ayọ̀ wo ló ń nani báyìí? Èmi ni ì bá tètè bi. Bí gbogbo agbo ilé bá ti mọ̀ láti oṣù kẹta pé ọmọ lágbájá lóyún, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá kéde, ta ni yóò ṣe háà? Àwọn ọlọ́jà ti gbọ́ fínrín kí Amẹ́ríkà tó lanu. Wọ́n ti ra dọ́là tí wọ́n fẹ́ rà. Ọjọ́ ìkéde ni wọ́n ń tà á fún irú ọmọ Bàbá Oníkòkó. Ohun tí ọmọ náà ń pè ní sẹ́ńtímẹ́ǹtì, ìyẹn ohun tí aráyé ń rò tí wọ́n sì ń wí, iṣẹ́ òòjọ́ mi ni.

Ká tiẹ̀ rántí oṣù Kẹsàn-án 2021, tí CBN, báńkì àpapọ̀ ìjọba, bínú sí àwọn abokiFX tó ń kọ iye dọ́là bíláàkì síta. Wọ́n dákẹ́, wọn ò kọ ọ́ mọ́. Ṣé dọ́là wálẹ̀? Ẹ pa olófòófó lẹ́nu mọ́, oyún á ṣì máa dàgbà.

Èkejì tí ọmọ náà máa ń pè ni fọ̀ńdámẹ́ńtà, ìyẹn ohun tó wà nílẹ̀ gan-an: epo tí ìjọba rí tà, kòkó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, èlé tí báńkì ń san, dọ́là tó kù lápò ìlú. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti mọ̀ jù ú lọ. Bí wọ́n bá gbé àpò kòkó dé, Bàbá kì í bi ẹnikẹ́ni ní ohun tí aráyé ń wí. Á ki ọwọ́ bọ àpò dé ìgbọ̀nwọ́, á bu ẹ̀kúnwọ́ láti ìsàlẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á fi ọ̀bẹ la hóró kan sí méjì wò bóyá inú rẹ̀ bu. Ìgbà yẹn ló tó dá iye lé e.

Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan ni. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida ṣí ọjà dọ́là tí wọ́n ń pè ní SFEM, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n tú àwọn Marketing Board tó ń ra kòkó ká. Ìgbà tó fi máa di 1988, àwọn tí kò mọ kòkó yàtọ̀ sí obì ti ń wọ́ wọ abúlé wa pẹ̀lú owó inú báàgì. Kòkó ń wálẹ̀ ní London torí ó pọ̀ láyé. Níhìn-ín, ó ń gòkè bí ẹni ń gun àkàsọ̀! Wọ́n ń rà á ju iye tí òyìnbó máa rà á lọ́wọ́ wọn lọ. Wèrè kọ́ ni wọ́n. Náírà ló ń jò lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ fi kòkó gbé e sọdá òkun kó di dọ́là. Tútù, èyí tó bu, wọn ò kọ ọ̀kan. Orúkọ kòkó Nàìjíríà sì bàjẹ́ lọ́jà àgbáyé. Bàbá ta gbogbo tirẹ̀, ó fi kan páànù ilé tí ẹ̀ ń wò yìí. Àbúrò rẹ̀ ní òun á dúró kó tún gòkè sí i. Lọ́dún 1989 ni gbogbo rẹ̀ wó, kòkòrò sì jẹ kòkó àbúrò nínú àpò.

Ó dáa, Ìyá Aláṣọ tí owó àjọ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ rántí pé 471 náírà ni dọ́là kan wà lọ́dọ̀ ìjọba kí CBN tó ní kí ọjà máa dá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà 2023. Nígbà tó máa fi di oṣù Kejì 2024, ó ti ń lọ sí 1,900 lọ́wọ́ àwọn àbọ́kí tó ń ṣẹ́ dọ́là. Gbogbo ẹnu ló ń pe dọ́là. Ẹlẹ́dòdò Ìkirè lójú títì fowó lé dòdò, ó ní dọ́là ló fà á. Mo ní: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, epo pupa láti Apòmù, ata láti oko, igi ìdáná láti inú igbó, èwo ni dọ́là níbẹ̀? Ó wò mí, ó ní ọ̀rá tí òun fi ń wé e. Mo sanwó.

Ìyá Aláṣọ kó àjọ wa, ó di Sábó n'Íbàdàn, ó fi gbogbo rẹ̀ ra dọ́là. Ta ló ní kó rà á? Gbogbo ayé ló ń rà á! Àfi bí CBN ṣe gbé èlé láti 18.75 sí 22.75 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù Kejì yẹn kan náà, tó tún di 24.75 lóṣù Kẹta. Àwọn òyìnbó olówó rí èlé, wọ́n kó dọ́là wọlé. EFCC tó ń gbógun ti jìbìtì owó ń lé àbọ́kí kiri. Láàárín oṣù Kẹrin, dọ́là ti balẹ̀ sí nǹkan bí 1,100. Àwọn tó ń sunkún lóṣù Kejì wá ń jó pé yóò di 500. Ìyá Aláṣọ tún bá wọn sáré, ó tà á.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá. Àwọn àgbà ní ìjà atare lọ́jà Apòmù ló dá ogun Òwu sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Atare! Ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́rú lọ́jà yẹn ńkọ́? Ìjà ta ni yóò jọba lé ọjà lórí ńkọ́? Ìyẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́; atare kàn kọ́kọ́ pariwo ni. Lọ́dún 2024 náà, Binance, ọjà owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n nawọ́ sí, ìjọba sì mú ọ̀gá wọn méjì. Bẹ́ẹ̀, gbèsè dọ́là tó tó bílíọ̀nù 7 ti ń dúró de CBN, epo tí à ń wà kò sì tó. Èlé gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo kò pọ̀ sí i láàárín oṣù méjì. Ìdí nìyẹn tí dọ́là fi tún padà sí àyíká 1,500 kó tó di àárín ọdún, kò sì jìnnà síbẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nígbà tí ọdún parí. Ẹ̀rù oṣù Kejì ti pọ̀ jù, ijó oṣù Kẹrin náà pọ̀ jù.

Bàbá Oníkòkó ò ra, kò tà. Ìyá Aláṣọ rà á lókè, ó tà á nílẹ̀, kò sì wá sí ìpàdé àjọ mọ́. Bí ẹ bá rí i lọ́jà Apòmù, ẹ bá mi kí i dáadáa, kí ẹ sì rán an létí pé èmi ni àjọ kàn.