Bọ́ọ̀sì Aago Mẹ́ta Òru

Ilé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, n kò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun ló di okùn fisà mi mú. Wọ́n ti ṣèlérí pé ẹnìkan yóò máa bá mi ṣiṣẹ́ alẹ́ títí ọwọ́ mi yóò fi mọ́ ọn. Alẹ́ àkọ́kọ́ lẹni ọ̀hún pè pé ara òun ò yá. Máníjà ní kí n má fòyà, gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ mọ̀ wà nínú fáìlì. Fáìlì wà nínú ọ́fíìsì. Wọ́n ti ọ́fíìsì pa. Kọ́kọ́rọ́ ti bá máníjà lọ sílé.

Ni aago bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Màmá kan ń fẹ́ omi, èkejì ń fẹ́ mọ ẹni tó ń fún ti àkọ́kọ́ lómi. Ẹ̀kẹta fẹ́ ṣe gáà, èèyàn méjì ló sì gbọ́dọ̀ di ẹ̀rọ tí a fi ń gbé e dìde mú. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀hún gan-an ò sì níná lára. Mo pe máníjà. Ó ní, "Ṣé o ti wo fáìlì?"

Ibi tí mo ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì-páànù sáré ni bàbá kan ti yọ sí mi. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì, iyè rẹ̀ ti ra díẹ̀. Ó de táì lé aṣọ ìsùn. Ó to àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní méjì méjì, ó jókòó síwájú, ó ní kí n sún wọlé, ọkọ̀ fẹ́ lọ. Màmá olómi gbé báàgì rẹ̀ jáde, ó wọlé. Màmá tó ń ṣọ́ ọ náà wọlé. Bàbá gba owó ọkọ̀. Bisikíìtì ni mo fi san tèmi. Bó bá ti pe ibùdókọ̀, ẹnìkan á sọ̀ kalẹ̀, á dágbére, á wọ yàrá rẹ̀ lọ sùn. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́rin, aago kankan ò dún mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, máníjà wo kámẹ́rà. Kò bi mí bí mo ṣe ṣe é. Ó ní kí n fi ọjọ́ ìsinmi mi wo fídíò lórí ewu kíkó arúgbó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru. Ó wá fún mi ní nọ́ńbà kan tí mo lè pè bí iṣẹ́ bá wọ̀ mí lọ́rùn. Mo pè é. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní Ìlútitun, ìlú wa, ọ̀gá wa obìnrin bú mi láàárọ̀, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó kọ́ kíláàsì náà lójú mi. Lọ́sàn-án, ó ní kí wọ́n gbé púpurú àti ọbẹ̀ màrúgbó wá fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ti gbàgbé ìyà ilé o. Ní 2016, ọ̀pọ̀ oṣù ni òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ń retí owó oṣù. Láti 2007 ni ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Omotosho ti wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, síbẹ̀ àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lo ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn yẹn, bí mo bá ké, ẹnìkan á jẹ́ mi.

Ta ni mo fẹ́ ké sí níbí? Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024 ni wọ́n ti ní kí onífisà irú tèmi má kó ọkọ àti ọmọ wá mọ́. Bí agbanisíṣẹ́ bá sì yọwọ́, 60 ọjọ́ ni wọ́n sábà ń fún èèyàn láti rí òmíràn tàbí kó palẹ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi wo fídíò náà parí nìyẹn, tí mo sì kọ ọ́ pé mo gbádùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Òṣóòrò, ẹni tó bá ń gbowó yín pé òun á fi iṣẹ́ yìí mú yín wá, olè ni. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dẹ́kun gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun. Bí ẹ bá sì fẹ́ tọrọ owó lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí lọ́sàn-án. Èmi nìkan ṣì ni mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́.