Asọ̀rọ̀mágbèsì, Bọ̀ọ̀dá Mi Ń Fèsì

Ẹni tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì kò tíì dé Àpòmù rí. Ká ní ó ti jókòó ti Bọ̀ọ̀dá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ì bá wá orúkọ mìíràn fún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, ìyẹn ló fún mi lẹ́nu láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Obìnrin inú eré orí rédíò á béèrè pé, "Ta ló ń kanlẹ̀kùn?" Bọ̀ọ̀dá á lọgun láti orí àga wọn pé, "Má ṣí i o! Ìyá ọkọ ẹ ni!" Obìnrin náà á ṣí i. Bọ̀ọ̀dá á gbá itan, wọ́n á ní ọmọ aráyé ò gbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀, eré yìí kan náà ni wọ́n ti gbọ́ tó ìgbà ogún. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kìlọ̀ fún obìnrin yẹn, gbogbo ìgbà ló ń ṣílẹ̀kùn.

Rédíò ọ̀hún gan-an ni ìyàwó àkọ́fẹ́ nílé yẹn. Awọ ló wọ̀ lẹ́wù, rọ́bà ni wọ́n fi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú kí bátìrì má baà já sílẹ̀. Éríà rẹ̀ ti kán látayébáyé. Wáyà tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ ló wà níbẹ̀ báyìí. Bátìrì Olórí Ẹkùn ló ń jẹ. Bó bá sì kú, Bọ̀ọ̀dá kì í ra òmíràn. Orí páànù ni wọ́n á sá a sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gúsí Àǹtí, ìyàwó wọn. Bí oòrùn ọjọ́ náà kò bá mú tó, wọ́n á fi eyín ọ̀kánkán gé e jẹ, á tún ké fún wákàtí kan. Eyín mẹ́ta ni wọ́n ti pàdánù. Wọ́n ní àgbà ló dé. Èmi mọ ohun tó dé.

Kì í ṣe orí Bọ̀ọ̀dá ni àìsàn rédíò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1939 ni Rédífúṣọ̀n ti dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré lára ògiri ni, wáyà ló so ó mọ́ ọ́fíìsì wọn, èèyàn á sì máa san owó oṣù. Ibùdó kan péré ló ń gbé. Kò sí pé o fẹ́ yí i síbòmíràn; ibo lo fẹ́ yí i sí? Àlàáfíà jọba nígbà yẹn. Lóde òní, rédíò Ìbàdàn ń fà wá lápá ọ̀tún, Orísun FM ń fà wá lápá òsì láti Ilé-Ifẹ̀, àwa ará Ìkirè àti Àpòmù wà láàárín bí ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ ara wọn. Mo kìlọ̀ fún àlejò kan nígbà kan pé kó má fọwọ́ kan bọ́tìnnì rédíò Bọ̀ọ̀dá. Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ìjà orí ataare nínú ọjà Àpòmù wà lára ohun tó dá ogun tó fọ́ ìlú Òwu sílẹ̀, ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Ataare lásán-làsàn! Ìlú tí ataare ti kó irú ìyẹn bá wa, ṣé ibẹ̀ lèèyàn á ti yí rédíò àgbàlagbà nígbà tí eré ń lọ?

Òrìṣà tí Bọ̀ọ̀dá ń bọ ni Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá Aláwadà. Ẹ ẹ́ rántí ìmúra bàbá náà: awò ojú ràgàjì, táì ọrùn tó tóbi bí ìyẹ́ àṣá, àti aago ńlá tó so rọ̀ níbi tí ẹlòmíràn ń fi ẹ̀gbà ọrùn sí. Bí Bọ̀ọ̀dá bá ń gbọ́ ohùn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Mo tún un sọ o: lórí rédíò, aṣọ. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò kúkú rí aṣọ kankan." Wọ́n ní, "Ìwọ lo ò rí i. Wò ó, aago yẹn tó báyìí," wọ́n sì la ọwọ́ méjèèjì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ife omi dànù. Ibi tí wọ́n ti borí mi nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n á kọ́ ààfin ọba fún ọ, ààfin náà á sì rí bíi ṣọ́ọ̀bù. Lórí rédíò, Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ló kọ́ ọ, wọn ò sì ra búlọ́ọ̀kù kan.

Wọ́n á tún máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó pé olórin ni Bàbá Sàlá kó tó di aláwadà, pé inú ẹgbẹ́ rẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Adé ti ta gìtá nígbà tó ṣì ń wá ojú ọ̀nà. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni omijé á wá. Wọ́n á ní, "Ṣé o mọ ohun tí àwọn olè fi fíìmù Ọ̀run Móoru ṣe fún bàbá yẹn?" Òótọ́ nìyẹn náà: 1982 ló gbé e jáde, àwọn tó ń da fíìmù kọ jí i, gbèsè ló sì fi gbà. Mo bi wọ́n léèrè pé níbo làwọn ti wo Ọ̀run Móoru. Wọ́n dákẹ́. Lọ́dọ̀ aládùúgbò ni. Nínú kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní bébà lára.

Ìgbà tí ètò rédíò Nǹkan Ń Bẹ ti olóògbé Kọ́lá Ọláwuyì gbòde ńkọ́? Ìyẹn kì í tilẹ̀ ṣe eré, ọ̀rọ̀ abàmì ni. Bọ̀ọ̀dá kì í jẹ́ kó kọjá àwọn, ṣùgbọ́n bó bá ti parí, wọn kì í lè dá lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin tó bímọ mẹ́fà! Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún méje, ló ń gbé àtùpà ṣíwájú.

Ọmọ yẹn ti dàgbà báyìí, ó wà ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Ìkirè, òun ló sì ń fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀sín jù. Ó ní bàbá òun ń gbé ayé àtijọ́. Lọ́dún tó kọjá ló lọ bá télọ̀ pé kó rán Ó le kú fún òun, ìró tó mọ lórúnkún àti bùbá alápá gbàgẹ̀dẹ̀. Ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọdún 1974 ni ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde. 1997 ni Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù, ni gbogbo ọmọge bá tún sáré lọ rán aṣọ náà. Àǹtí wo aṣọ tuntun náà, wọ́n wọ kíṣìnnì lọ, wọ́n gbé àkísà tí wọ́n fi ń sọ ìkòkò kalẹ̀ jáde. Bátànì kan náà. Ọmọ náà ní kí wọ́n má nu nǹkan kan sí i mọ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ò sàn ju Bọ̀ọ̀dá lọ. Eré rédíò wọn kan wà tó ń jẹ́ The Archers, ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni. Láti 1951 ló ti ń lọ jákèjádò ìlú wọn, kò tíì parí títí di òní. Nígbà tí mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ronú, wọ́n wá ní irú kòkó wo ni wọ́n gbìn tí wọn ò tíì ká a.

Mo rò pé mo máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo wá eré Aláwadà kan sórí fóònù, mo ra dòdò Ìkirè dání, torí ará Ìkirè kì í lọ Àpòmù lọ́wọ́ òfo. Ẹ mọ dòdò wa: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá àlà, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, la gún mọ́ ata, tí a dín nínú epo pupa títí ó fi dúdú. Mo ki ẹ̀rọ ìgbọ́ran bọ Bọ̀ọ̀dá létí méjèèjì. Ohùn já gaara. Wọ́n gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú méjì, wọ́n yọ ọ́, wọ́n wo apá ọ̀tún, wọ́n wo apá òsì.

"Àbúrò, ta ni mo fẹ́ bá jà báyìí?"

Wọ́n fà á yọ lára fóònù, wọ́n ní kí n gbé ohùn rẹ̀ sókè tán, wọ́n ránṣẹ́ sí ará ilé kejì. Èèyàn mẹ́sàn-án la jẹ dòdò yẹn, a sì kìlọ̀ fún gbogbo àwọn tó wà nínú eré. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dun Bọ̀ọ̀dá. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gba eré sí láti orí rédíò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ilé ti gba ìsọjí lé e. Bí ọkọ inú eré bá ti ń mú igi bọ̀ báyìí, tí ẹ̀rín ti ń gùn wá, wòlíì á já lu eré, á ní kí gbogbo wa dìde dúró. Ẹnikẹ́ni láti Gbọ̀ngán dé Àṣẹ́jíire tó bá ní ìyókù eré náà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e wá sí Àpòmù. Dòdò ń bẹ lọ́dọ̀ mi.